Ọtí Tí Òfin Ní Kí A Jókòó Mu

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí a tilẹ̀kùn ilé ní Nichelino, ìlú àwọn òṣìṣẹ́ kan nílẹ̀ òyìnbó níhìn-ín, tó fara ti Torino bí àtíbàbà ṣe ń fara ti ilé. Ṣọlá ọmọ mi ló wa mọ́tò, Táyọ̀ ọmọ rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, èmi wà lẹ́yìn pẹ̀lú iṣu mẹ́ta, ìdì obì kan, agbọ̀n èso, àti ìgò kan tí wọ́n fi bébà aláwọ̀ wúrà wé lórí. Ìyàwó Ṣọlá kò bá wa lọ torí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Padova ni à ń lọ, láti lọ tọrọ ìyàwó fún Táyọ̀. Ẹ̀yin ará ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń bi mí lórí fóònù pé báwo ló ṣe lọ, mo sì ti sọ ọ́ ní ìdajì ìdajì títí ó fi sú mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí n sinmi.

Bùsọ́lá ni orúkọ ọmọ tí a ń lọ tọrọ. Bàbá rẹ̀ ti kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni yóò dúró fún un bíi bàbá, Bàbá Àkàndé, ọmọ Oǹdó tó ru ẹrù ní èbúté Sampierdarena, ní ìlú Genova, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Bàbá kò béèrè ohun púpọ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pé kí a má gbé àpótí aṣọ wá, kí a má wá ewúrẹ́ kiri. Ìgò ọtí kan péré, ọtí gidi, tí wọn yóò fi sọ fún àwọn tó ti lọ pé ọmọ wọn ń lọ sílé ọkọ. Láìsí ìyẹn, wọ́n ní àwọn kò ní ẹnu tí àwọn yóò fi dá wa lóhùn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Díákónì ni Ṣọlá nínú ìjọ wọn ní Torino, ìjọ náà kò sì fẹ́ rí ọtí sójú. Kò gbọdọ̀ kan ètè, kò gbọdọ̀ wọ ilé, kò gbọdọ̀ wọ mọ́tò.

"Wọn kò ní kí o mu ún," ni mo sọ fún un. "Wọ́n ní kí o gbé e wá."

"Mọ́mì, ọtí ni ọtí."

"Onítẹ̀bọmi ni èmi tí mo bí ọ. Ọtí kò kan ẹnu mi rí. Ṣé mo wá ń sá fún ìgò ni?"

"Ẹ jẹ́ ká fi ti Ọlọ́run ṣáájú, mà."

Bí Ṣọlá bá ti ní ká fi ti Ọlọ́run ṣáájú, ó ti ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Ó lọ ra ìgò oníbébà wúrà yìí: omi èso àjàrà tó ń hó, tí wọ́n múra fún bí ọtí, tí kò sí ọtí kankan nínú rẹ̀.

Kí a tó rìn jìnnà, Ṣọlá yà sí ilé epo ńlá kan lójú ọ̀nà. Ó ń rọ epo sí mọ́tò, èmi ní mo fẹ́ lọ tọ̀, Táyọ̀ sì tẹ̀ lé mi. Òótọ́ ni, mo tọ̀. Ṣùgbọ́n mo ní ète mìíràn. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé epo yìí, ẹni tó bá ti ilé ìtọ̀ jáde gbọ́dọ̀ gba àárín ṣọ́ọ̀bù kọjá kó tó lè rí ìta. Ẹ ó kọjá lára ṣokoléètì, ẹ ó kọjá lára wàràkàṣì tó tóbi bí ọlọ, ẹ ó kọjá lára ẹran gbígbẹ tí wọ́n so rọ̀ bí aṣọ tí a sá. Lẹ́yìn èyí ni mo rí ọtí, ìgò lórí ìgò, wọ́n tò bí ọmọ ilé ìwé. Mo fa Táyọ̀ lápá.

"Mú ọ̀kan fún mi. N óò fi ìborùn wé e sínú àpò mi."

"Nonna, papà si arrabbia," ni Táyọ̀ wí. Nonna ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níhìn-ín. Èdè ìlú yìí ló fi ń dá mi lóhùn láti kékeré, àfi tó bá ń ṣe ògbufọ̀ fún mi, Yorùbá ni mo sì fi ń bá a wí. Ó ní bàbá òun yóò bínú.

"Èmi ni mo bí bàbá rẹ. Mú un."

Ọmọbìnrin tó ń gbowó wo ìgò náà, ó wo aago, ó mi orí. Táyọ̀ túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: òfin ìjọba ni, kí aago mẹ́fà àárọ̀ tó lù, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ra ọtí líle lójú ọ̀nà ńlá.

"Sọ fún un pé n kì í wa mọ́tò."

"Ó ní kò yí nǹkan kan padà."

"Sọ fún un pé n kì í mu ọtí rárá."

Táyọ̀ sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó bi mí pé kí wá ni mo fẹ́ fi ṣe. Kí n tó dá a lóhùn, Ṣọlá ti ń fun fèrè mọ́tò níta.

N kò bá òfin yẹn jà. Ẹni tó bá rí bí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ṣe ń sáré kọjá lára wa kò ní fẹ́ kí awakọ̀ wọn ti mutí. Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n tò ó kalẹ̀ sójú mi, wọ́n tan iná sí i lára, wọ́n kọ iye rẹ̀ sí i, wọ́n sì wá ní àwọn kò tà. Ní ilé tiwa, ọjà tí a kò bá fẹ́ tà, aṣọ ni a ń fi bò ó. Mo fi yúrò kan àti ogójì sẹ́ǹtì ra kọfí kí n má baà jáde lọ́wọ́ òfo. Kọfí náà kò ju ohun tí ènìyàn lè kán sójú lọ.

Bí oòrùn ṣe ń yọ, oko ìrẹsì ni a rí lápá ọ̀tún àti lápá òsì, omi dúró nínú rẹ̀ bíi dígí. Ìrẹsì yìí ni wọ́n ń rò bí àṣáró níhìn-ín, wọ́n á sì tún rẹ́ wàràkàṣì lé e lórí. Ọ̀nà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí kòtò, kò sí ẹni tó ń ta búrẹ́dì lẹ́bàá ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ènìyàn lè bẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gbowó ọ̀nà. Ẹ̀rọ ló ń gbà á. Ó gba tiwa lẹ́ẹ̀mejì, kò sọ pé ẹ ṣé.

Mo ń wo ẹ̀yìn orí Ṣọlá, mo wá rántí Gusau. Ẹ mọ̀ pé ibẹ̀ ni èmi àti bàbá rẹ̀ ti ṣòwò, bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe máa ń lọ tajà lókè Ọya. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ gbé òfin ẹ̀sìn jáde, tí wọ́n fi de ọtí, kò sí ẹni tó bínú tó Ṣọlá. Bẹ́ẹ̀ a kò ta ọtí. Mọ́ọ̀tì ni mo ń tà, ṣùgbọ́n ìgò mọ́ọ̀tì àti ìgò bíà jọ ara wọn bí ìbejì. Àwọn agbófinró ẹ̀sìn á dá ọmọlanke wa dúró ní ìkóríta, wọ́n á ní ká sọ páálí kalẹ̀. Èmi kì í bá wọn pariwo. N óò ṣí ìgò kan, n óò bu díẹ̀ sí ife fún olórí wọn pé kó tọ́ ọ wò. Á tọ́ ọ wò, á ní kò burú, á sì mu ún tán. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò kan ṣe máa ń lọ nínú ẹrù kọ̀ọ̀kan. Ṣọlá á máa kùn dé ilé pé kí ló kan ìjọba nínú ohun tó wà nínú ìgò ẹlòmíràn. Ó wá dàgbà, ó di bàbá, ó di díákónì, òun náà ló wá ń dá ìgò dúró.

"Kí lẹ ń rẹ́rìn-ín sí lẹ́yìn níbẹ̀, Mọ́mì?"

"Agbófinró kan ni mo rí tó ń wa mọ́tò."



Ní Gusau yẹn náà, ọtí kò kúrò nílùú. Bárékè àwọn ṣọ́jà ló kó lọ. Òfin ìpínlẹ̀ kì í kọjá ẹnu géètì bárékè, nítorí náà ẹni tó bá ń fẹ́ bíà á wọlé lọ jókòó síbẹ̀, á mu ún tán, á nu ẹnu, á padà sílé ní mímọ́. Gbogbo ìlú ló mọ̀. Àwọn agbófinró náà mọ̀.

Nígbà tí a dé ẹ̀bá Bergamo, Táyọ̀ na ọwọ́ sí àwọn ilé ẹrù gàgàrà kan tí kò ní fèrèsé. Ibẹ̀ ni òun àti Bùsọ́lá ti pàdé, níbi tí wọ́n ti jọ ń di ẹrù sínú páálí. Ó wò ó títí a fi kọjá. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á.

Padova dára lójú. Wọ́n fi òrùlé bo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tí àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà, òpó lórí òpó, ẹ lè rìn láti ìgboro dé ìgboro kí òjò má kàn yín. Kẹ̀kẹ́ ológeere pọ̀ níbẹ̀ ju mọ́tò lọ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí òrùlé rẹ̀ rí ribiti ribiti bí ìkòkò tí a dojú wọn bolẹ̀, àwọn èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀ láti gbogbo ayé, wọ́n ń ra àbẹ́là. Táyọ̀ sọ fún mi pé àwọn àlùfáà kan wà ní ẹ̀yìn ìlú, ní orí òkè, tí wọ́n ń gbin èso àjàrà fúnra wọn, wọ́n ń pọn ọtí, wọ́n sì ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì wọn.

"Àlùfáà?" ni mo bi í.

"Àlùfáà, Nonna."

"Ṣọlá, ṣé o gbọ́? Àlùfáà ló ń pọn ọn."

"Àwọn yẹn kò tíì rí ìmọ́lẹ̀, mà."

"Ìmọ́lẹ̀ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn pọ̀ ju ti ilé ẹrù tí ẹ ti ń ṣe ìsìn lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń rẹ̀ mí nígbà náà. Ní Gusau, ẹ̀sìn ní kí ìjọba fọ́ ìgò. Níhìn-ín, ẹ̀sìn ló ń rọ ọtí sínú ìgò. Nínú mọ́tò tí mo jókòó sí, ẹ̀sìn ní kí ìgò má wọlé. Ọlọ́run kan náà ni gbogbo wọn ń pè, ó sì dá olúkúlùkù lójú pé òun ló gbọ́ dáadáa.

Ilé ìyá Bùsọ́lá wà ní àjà kẹta, kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè. Wọ́n gbà wá tẹ̀ríntẹ̀rín. Ìrẹsì àti ẹja gbígbẹ ni wọ́n fún wa, ata rẹ̀ kò gbàgbé ilé. Bàbá Àkàndé jókòó lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n rí tẹ́ẹ́rẹ́, fìlà wọn mọ́, ọwọ́ wọn sì gbòòrò bí ọwọ́ ẹni tó ti gbé ẹrù ìlú mìíràn fún ọ̀pọ̀ ọdún. A kí wọn, a kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò, Ṣọlá gbé ìgò oníbébà wúrà jáde. Ó ṣí i, ó dún pọ́ọ̀, ìyá Bùsọ́lá pàtẹ́wọ́.

Bàbá tọ́ ọ wò. Wọ́n rọra gbé ife kalẹ̀.

"Díákónì, kí ni èyí?"

"Wáìnì àwọn ọmọ Ọlọ́run ni, sà. Kò ní ọtí nínú."

"Mo mọ̀. Ṣúgà ló ní. Dókítà ní kí n má fẹnu kan ṣúgà mọ́, kò dá ọ̀rọ̀ ọtí sílẹ̀ rí. Ohun tí wọ́n kọ̀ fún mi lẹ gbé wá. Ohun tí mo bẹ̀ yín kí ẹ gbé wá, òun lẹ kọ̀."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Bàbá kò sì pariwo. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ọ̀mùtí, gbogbo Sampierdarena lè jẹ́rìí. Wọ́n ní nígbà tí àbúrò wọn, bàbá Bùsọ́lá, wà lórí ibùsùn tí kò dìde lórí rẹ̀ mọ́, ó di ọwọ́ wọn mú.

"Ó ní, 'Bọ̀dá mi, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mú ọmọ mi lọ bí ẹni tí kò lẹ́nìkan.' Mo ní, báwo ni wàá ṣe mọ̀ pé mo ṣe é? Ó ní, 'Ẹ da ọtí sílẹ̀ fún mi. N óò mọ̀.' Díákónì, ẹ kò bá a sọ̀rọ̀. Èmi ni mo bá a sọ̀rọ̀. Ọkọ̀ ojú irin ni mo fẹ́ wọ̀ padà sí Genova láàárọ̀ ọ̀la. Bí ó bá ti rí báyìí, n óò wọ̀ ọ́, ẹ ó sì wá ẹlòmíràn tí yóò fa ọmọ fún yín."

Bùsọ́lá ń fọ abọ́ ní ilé ìdáná. Ó yọjú, ó sọ gbólóhùn kan fún Táyọ̀ lédè ìlú yìí, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Mo bi Táyọ̀ pé kí ló wí. Ojú rẹ̀ ti yí.

"Ó ní bí wọn ò bá fa òun, òun ò ní wá."

Láti ìgbà náà títí oòrùn fi rọ̀, àríyànjiyàn ni. Ìyá Bùsọ́lá bẹ Bàbá, Bàbá ní kí wọ́n bẹ òkú. Ṣọlá ṣí Bíbélì, Bàbá ní àwọn náà ní ọ̀kan nílé, ibẹ̀ ni Jésù ti sọ omi di ọtí níbi ìgbéyàwó. Ṣọlá ní ìtumọ̀ rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mo mú ọmọ mi lọ sí ẹnu àtẹ̀gùn.

"Ṣọlá, ìyàwó ọmọ rẹ ń lọ."

"Mọ́mì, mo jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú ìjọ."

"N kò ní kí o já ẹ̀jẹ́ rẹ. Sọ bó ṣe gùn tó fún mi, kí n lè mọ ibi tó parí sí."

Ó rò ó. Ó nu ojú. Ó ní, "Ẹ ṣe ohun tí ẹ bá fẹ́ ṣe, mà. Ṣùgbọ́n kò ní wọ mọ́tò mi, kò sì ní wọ ilé tí mo bá jókòó sí."

Èmi àti Táyọ̀ sọ̀kalẹ̀, a gba ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin lọ. Ṣọ́ọ̀bù obìnrin ọmọ ilẹ̀ wa kan wà níbẹ̀, Ìyá Ṣadé ni wọ́n ń pè é. Ó ń ta gàrí, ẹja pangíla, irun àdìmọ́ri, ó sì ń báni fi owó ránṣẹ́ sílé. Mo ní kó fún mi ní ìgò ọtí líle kan, ti ìtọrọ ìyàwó ni. Ó fi ẹnu júwe ẹ̀rọ amóhuntutù rẹ̀. Àǹkárá ló fi bò ó láti òkè délẹ̀, ó sì fi àgádágodo tì í.

"Ó ti lu mẹ́jọ, mà. Láti mẹ́jọ lọ, ní gbogbo agbègbè ibùdókọ̀ yìí, a ò gbọdọ̀ ta ọtí tí ènìyàn máa gbé lọ. Àṣẹ ìlú ni, ordinanza ni wọ́n ń pè é."

"Oòrùn ṣì wà lókè, ọmọ mi."

"Òfin ò wo oòrùn, mà. Wọ́n ti bu owó ìtanràn lé mi rí, nítorí bíà ẹyọ kan. Bó bá di ẹlẹ́ẹ̀kejì, wọ́n máa ti ṣọ́ọ̀bù yìí."

"Àǹtí, ẹ kàn fi sínú gàrí fún wa," ni Táyọ̀ wí. Àfi bí ẹni pé Yorùbá tó já geere ti wà lẹ́nu rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kàn ń dúró de ìṣòro ni.

"Dákẹ́," ni mo sọ fún un. Mo ti tajà lábẹ́ irú òfin yìí. N kò lè ní kí obìnrin kan fi ilẹ̀kùn rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ nítorí mi.

Ìyá Ṣadé pòṣé. "Ohun tó ń dùn mí ni ti òdìkejì yẹn. Ẹ wò wọ́n, mà."

Mo wo òdìkejì ọ̀nà. Ilé ọtí kan wà níbẹ̀, tábìlì kún iwájú rẹ̀. Àwọn ènìyàn jókòó, àgbà àti ọ̀dọ́, ọtí aláwọ̀ ọsàn wà níwájú wọn nínú ife gíga, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Irú rẹ̀ ni gbogbo Padova ń mu bí ọjọ́ bá ti ń rọ̀.

"Ṣé òfin ò kàn wọ́n ni?"

"Wọ́n jókòó ni, mà. Ẹni tó bá jókòó lè mu ún. Ẹni tó bá ní kí wọ́n bá òun dì í, òun ni wọ́n ń wá."

"Èmi tí n kò fẹ́ mu, tí mo kàn fẹ́ gbé e lọ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin gan-an ni wọ́n torí yín ṣe òfin náà, mà."

Táyọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ń wo àga. Géètì bárékè ni mò ń wò.

A gun àjà mẹ́ta náà padà. Ẹsẹ̀ ń ro mí, inú sì ń bí mi díẹ̀. Mo ní kí Bàbá Àkàndé wọ bàtà.

"Níbo là ń lọ, àna mi?"

"Bàbá, a fẹ́ lọ jókòó."

Bàbá wò mí, wọ́n wọ bàtà. Ìyá Bùsọ́lá tẹ̀ lé wa, Bùsọ́lá tẹ̀ lé wa, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi abọ́. Ṣọlá ní òun kò lọ. Nígbà tí a dé ìsàlẹ̀, ó ti wà lẹ́yìn wa. Nígbà tí a dé iwájú ilé ọtí náà, ó sọdá sí òdìkejì ọ̀nà, ó dúró lẹ́bàá ṣọ́ọ̀bù Ìyá Ṣadé, ó ra omi ìgò kan, ó dì í mú bí ẹni tó fẹ́ fi pa iná.

A jókòó sí tábìlì tó wà lábẹ́ igi. Mo ní kí Táyọ̀ bèèrè ife ọtí líle kan ṣoṣo, kí wọ́n sì fún àwa yòókù ní omi ọsàn. Grappa ni wọ́n gbé wá, èèpo èso àjàrà ni wọ́n fi ń ṣe é, ó mọ́ bí omi, òórùn rẹ̀ sì kọ lu imú bí ògógóró. Yúrò mẹ́ta ààbọ̀. Ife náà kéré bí ife ọmọdé tó ń ṣeré.

Bàbá ṣí fìlà, wọ́n fẹ́ dìde láti ṣe àdúrà. Mo di agbádá wọn mú.

"Ẹ jókòó, Bàbá. Ẹni tó jókòó ni òfin mọ̀."

Wọ́n jókòó padà. Wọ́n gbé ife náà sókè díẹ̀, wọ́n pe àbúrò wọn ní orúkọ àbísọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ rẹ rèé. Kì í ṣe pé wọ́n jí i gbé. Àwọn ènìyàn wá tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, àgbà sì wà láàárín wọn. Mo ní kí n sọ fún ọ kí n tó dáhùn." Wọ́n da díẹ̀ sí gbòǹgbò igi náà, wọ́n tún da ìyókù.

Ọmọkùnrin tó ń gbé ọtí fún èrò rí i. Ó rò pé ọwọ́ Bàbá ló gbọ̀n. Ó sáré dé pẹ̀lú aṣọ ìnulẹ̀, ó ní kí a má bínú, ó gbé ife mìíràn wá, ó ní kí a má san owó rẹ̀.

Bàbá gbé ife kejì yìí. Ojú wọn kún fún omi.

"Ó ti gbọ́," ni wọ́n wí. "Ó ní kí n mu tèmi."

Wọ́n fi kan ètè, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n mú ọwọ́ Bùsọ́lá, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, wọ́n gbé ohùn sókè. Wọ́n ní ilé tó ń lọ yóò gbà á. Wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò tù wọ́n lára níbẹ̀. Wọ́n ní kò ní fi ojú ẹkún wá bi àwọn pé kí ló dé tí ẹ fi mí fún wọn.

"Àmín," ni àwa tó jókòó wí.

"Àmín," ni ohùn kan wí láti òdìkejì ọ̀nà, ó le ju tiwa lọ. Àwọn tó ń mu ohun aláwọ̀ ọsàn bojú wẹ̀yìn. Ṣọlá ni. Ìgò omi wà lọ́wọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ dì.

A sùn sí pálọ̀ ìyá Bùsọ́lá, a sì tún jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, torí ọjọ́ Ìsinmi ni, Ṣọlá kò sì fẹ́ pàdánù ìsìn. Táyọ̀ sùn láti Padova títí a fi kọjá Milano, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀ bí ti ìkókó. Ìgò oníbébà wúrà náà wà lẹ́sẹ̀ mi, ó kù ju ìdajì lọ. Ṣọlá ní kí n na án sí òun, ó ń mu ún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń wa mọ́tò lọ. Ibi oko ìrẹsì ló ti bi mí.

"Mọ́mì, ṣé ẹ rò pé òkú ń gbọ́?"

"N kò mọ̀. Alààyè ló gbọ́, mo rí i."

A tún yà sí ilé epo. Oòrùn ti yọ dáadáa, aago mẹ́fà ti kọjá, àwọn ìgò náà wà lórí pẹpẹ, iná ṣì ń tàn sí wọn lára. Kò sí òfin tó dè wọ́n mọ́. Mo kọjá lára wọn, mo lọ tọ̀, mo ra kọfí mi.

Ẹ̀yin ará ilé, ohun tí mo rí nínú ìrìn yìí kò pọ̀. Mo ti rí òfin ọtí ti ìjọba Mùsùlùmí, mo ti rí ti ìlú àwọn Páàdì, mo sì ń gbé lábẹ́ ti ọmọ tí mo bí. N kò tíì rí èyí tó lé ọtí lọ. Àyè ni gbogbo wọn ń yàn fún un. Ẹni tó bá ń bá òfin jà, yóò rẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá dé ìlú kan, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí òfin rẹ̀ gbé àga sí.

Nígbà tí a dé Nichelino, ìyàwó Ṣọlá ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú Bíbélì lábíyá.

"Ṣé wọ́n gbà fún wa, mà?"

"Wọ́n gbà."

"Ọlọ́run ṣeun. Ọ̀rọ̀ ọtí yẹn ńkọ́? Ṣé ẹ ò jókòó tì í?"

Ṣọlá wò mí. Mo ń bọ́ bàtà, ẹsẹ̀ mi ti wú.

"Àwa jókòó," ni mo sọ fún un. "Ọkọ rẹ ló dúró."